Ìyá Ìyá Tó Kú Lọ́mọ Ọdún Méjì

Kí n tó mọ ibi tí Nọ́wè wà láyé ni mo ti ń jẹ ẹ́. Pánla tí ìyá mi máa ń rẹ sínú omi gbígbóná ní gbogbo Sátidé, tí òórùn rẹ̀ máa ń gba ilé wa ní Ìbàdàn kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá. Màmá tí mò ń tọ́jú ní Bay Ridge, ní Brooklyn, ló là mí lójú sí i, lọ́jọ́ tí mo gbé abọ́ ọbẹ̀ mi wá síbi iṣẹ́. Mo ti ń múra láti bẹ̀bẹ̀ nítorí òórùn, àfi bí wọ́n ṣe gbé imú sókè tí wọ́n ní, "Ilé ìyá ìyá mi ló ń rùn yìí." Ọbẹ̀ tutù sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ńṣe ni mo jókòó tì wọ́n tí mo ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Iṣẹ́ ká máa tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe ní New York, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mariners Harbor ni èmi àti ọmọbìnrin mi ń gbé, bọ́ọ̀sì méjì ni mo sì ń wọ̀ kọjá afárá gígùn nì kí n tó dé Brooklyn. Màmá ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún. Ọkọ wọn ti kú, wọn ò bímọ, wọn ò ní ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní àbúrò. Àìsàn kan ti bo àárín ojú wọn, ẹ̀gbẹ́ nǹkan nìkan ni wọ́n ń rí. Tí wọ́n bá fẹ́ wò mí, ògiri ni wọ́n máa ń kọjú sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n máa pe orúkọ àwọn. Mo ní ẹnu mi ò gbà á, ẹni tó lè bí ìyá mi. "Màmá" ni mo ń pè wọ́n. Èdè Òyìnbó ò ní "ẹ" tí èèyàn lè fi bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mi ò fi "o" bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ìyá ìyá wọn ló tọ́ wọn dàgbà. Ó dà bíi pé obìnrin náà ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó dá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Nọ́wè, tó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Brooklyn. Nígbà náà, àwọn ará ìlú rẹ̀ ló kún Òpópónà Kẹjọ. Àwọn ará Ṣáínà ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ra ẹ̀fọ́. Kò padà sílé mọ́ títí tó fi kú, kò sì sọ ìtàn ilé fún ẹnikẹ́ni. Tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá bi í, á dárúkọ oko tí wọ́n ti bí i, nítorí oko kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, á sì yíjú sí fèrèsé. Gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ kò kún páálí bàtà kan: Bíbélì kékeré, ìwé ọkọ̀ tó wọ̀ wá, ìwé ìgbéyàwó, àti fọ́tò ilé onípákó kan tí òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ò bá ti ìwé ìgbéyàwó mu. Orúkọ rẹ̀, orúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì àti orúkọ oko náà ló wà níwájú Bíbélì, kò sí ọdún tí wọ́n bí i.

Màmá ti gbọ́ pé àwọn ẹbí kan náà ṣì ń gbé lórí oko yẹn dòní. Wọ́n ti ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí wọn, lẹ́tà náà sì ti wà nínú àpòòwé. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fi ránṣẹ́.

"Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún wọn kí n tó kú," wọ́n ní. "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó gúnlẹ̀. Ọmọ wọn gúnlẹ̀, ó bímọ, èmi rèé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Mi ò fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí kì í ṣe tiwa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí a ṣe di awárí nìyẹn.

Àwọn ará Nọ́wè ti ya àwòrán ìwé ìjọ wọn àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìwé ìrìbọmi, ìwé ìsìnkú, gbogbo rẹ̀. Tí Màmá bá ti jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún wọn tán lọ́sàn-án, màá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú wa, màá fa ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tóbi. Ọwọ́ ìkọ̀wé àlùfáà wọn ìgbà náà burú ju ti dókítà lọ. Èmi á máa pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá, tí wọ́n gbọ́ èdè náà lẹ́nu ìyá ìyá wọn, á di ojú, wọ́n á so ó pọ̀ lẹ́nu, wọ́n á sì sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Ojú tèmi, ẹnu tiwọn. Ó tó oṣù méjì tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a ò sì rí nǹkan kan àyàfi àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ Túsídeè kan, mo pe lẹ́tà, Màmá so ó pọ̀, wọ́n sì fọwọ́ lu tábìlì. Orúkọ ọmọ náà pé. Orúkọ bàbá pé, ti ìyá pé, ti oko pé. "Ó wà!" wọ́n ní. "Ó wà lóòótọ́! Lọ mú àpòòwé wá." Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi kì í dákẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní àbúrò, ká lè fi orúkọ wọn kún lẹ́tà. Mo ń ṣí ìwé lọ, mo ya apá ibi tí wọ́n ń kọ àwọn òkú sí, ni mo bá rí i. Ọdún méjì lẹ́yìn ìrìbọmi: orúkọ ọmọ náà, bàbá rẹ̀, oko rẹ̀. Wọ́n ti sin ín. Ọmọ ọdún méjì.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo mọ òwe náà, mo sì la ẹnu mi bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Màmá, ọmọ inú ìwé yìí ti kú. Ẹni tó wá sí Amẹ́ríkà kì í ṣe òun. Ẹlòmíràn ló fi ìwé òkú rìnrìn-àjò."

Kò sí iyèméjì lára mi rárá. Ẹni tó bá ti pẹ́ láàárín wa nílùú yìí mọ ohun tó ń jẹ́ lílo ìwé ẹlòmíràn. Mo mọ obìnrin kan tó fi orúkọ ìbátan rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé tí a bá pe tirẹ̀ gan-an ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í wẹ̀yìn. Mo rò pé mo ti já ọgbọ́n ìyá ìyá Màmá. Ohun kejì tó jẹ́ kó dá mi lójú wá láti ilé tí wọ́n bí mi sí. Ìyá mi bí ọmọbìnrin kan ṣáájú mi, ó sì kú. Àǹtí wa kan ló ṣèèṣì sọ ọ́ lójú mi nígbà kan, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́. Òkú ọ̀fọ̀ ni, bàbá àti ìyá kò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ jáde nílé, orúkọ rẹ̀ sì bá aṣọ lọ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò mọ orúkọ ọ̀hún. Pé ìyá kan lè sin ọmọ, kó sì tún gbé orúkọ yẹn fún ọmọ míì, kó máa fi í pè é láàárọ̀ lálẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ojú Ìbàdàn ni mo fi ka ìwé Nọ́wè.

Màmá ti tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò níwájú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ta ló wá tọ́ mi nígbà náà?" Wọ́n ní kí n dá páálí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n sì ya lẹ́tà náà. Mo fi pa mọ́ sínú báàgì mi, mi ò ya á.

Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń wà tí mo bá dé, wọ́n á kọjú sí omi tí wọn ò rí. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá ìyá wọn ò jáde lẹ́nu wọn mọ́, bí ẹni pé obìnrin náà ti jalè. Mo mọ ìjókòó yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ìwé ìgbélùú kí n tó lè fojú kan ìyá mi, fèrèsé mi ní Mariners Harbor sì mọ̀ mí dáadáa. Lásìkò yẹn, ìyá mi máa ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, ó máa ń dùn mí wọnú egungun. Mo wá ń ro àwọn ará oko yẹn, tí ọmọ wọn wọ ọkọ̀ lọ tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi tún ni mo wá fẹnu ara mi sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin mi. Ibí ni mo bí i sí, ó ti jáde yunifásítì, Yorùbá rẹ̀ sì ń tiro díẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mummy, so ẹ rí ẹyọ record kan, ẹ wá close case náà? Ẹ ò check àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e?"

Inú bí mi. "Kí ni kí n tún lọ wò? Ṣé òkú máa ń jíǹde nínú ìwé ni?"

"Just keep scrolling, Mummy. Ẹ gbé e wá."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A jókòó sí kíṣìnì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn wa, a ń ṣí ìwé lọ. Lẹ́yìn bí ọdún kan tí wọ́n sin ọmọ náà, wọ́n tún ṣe ìrìbọmi fún ọmọbìnrin kan lórí oko kan náà. Bàbá kan náà, ìyá kan náà. Mo pe lẹ́tà orúkọ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe fún Màmá, kò sí ìkankan tó yàtọ̀. Mo ní bóyá àlùfáà ló ṣàṣìkọ. Ọmọ mi ní ká wo oko míì. Ní oko kejì, wọ́n sin ọmọkùnrin kan, èyí tí wọ́n bí tẹ̀ lé e jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní oko kẹta náà, bẹ́ẹ̀ ni. Àṣà wọn ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ kì í bá ọmọ wọlẹ̀.

Ojú tì mí. Inú mi sì dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Nígbà tí mo dé Bay Ridge láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni, wọ́n fẹ́ tẹ aago tí wọ́n fi ń pe àwọn oníṣègùn. Mo ní, "Rárá o, Màmá, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo ti ba orúkọ ìyá ìyá yín jẹ́." Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde, mo pe lẹ́tà, wọ́n so ó pọ̀. Wọ́n ní kí n tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é.

Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. "Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é," wọ́n ní, "àwọn méjèèjì ló ń pè."

Wọ́n ní kí n mú bébà wá, ká to ìdílé náà bó ṣe rí. Mo kọ bàbá, mo kọ ìyá, mo fẹ́ kọ ìyá ìyá wọn tẹ̀ lé e, wọ́n dá mi dúró. "Kọ kékeré náà ṣáájú. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Tí àwa ò bá kọ ọ́, kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ mọ́." Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú lẹ́tà jáde nínú báàgì, wọ́n sì ní kí n fi gbólóhùn kan kún un nísàlẹ̀: tí ibojì ọmọ ọdún méjì yẹn bá ṣì wà, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn fi òdòdó síbẹ̀.

Mo ju lẹ́tà náà sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ nígbà tí mo ń lọ sílé, mo sì dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Aago méjì ọ̀sán ni, ilẹ̀ ti ń ṣú nílé ní Ìbàdàn. Mo pe ìyá mi.

"Màmi, ẹ káalẹ́ mà."

"Ọmọ mi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí mà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ọmọbìnrin tí ẹ bí ṣáájú mi, kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo yọ fóònù létí, mo wò ó bóyá ó ti já ni.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

"Láti ọjọ́ náà," ìyá mi ní, "kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Wọ́n wá pè é. Wọ́n pe èyí tí bàbá mi sọ ọ́, wọ́n pe èyí tí bàbá àgbà sọ ọ́, wọ́n sì pe oríkì rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Nígbà tí wọ́n dé orí oríkì, mi ò mọ ohùn wọn mọ́, ohùn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni.

"Ó ti ń sáré," wọ́n ní. "Tó bá ti gbóhùn mi lẹ́nu ọ̀nà báyìí, eré ló máa ń sá wá."

Bọ́ọ̀sì mi dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mo juwọ́ sí dírẹ́bà pé kó máa lọ.

"Ẹ máa sọ, mà," mo ní. "Mò ń gbọ́."