Fóònù Tí Kò Mọ Ọwọ́ Ìyá Mi

Aránṣọ ni mí ní Ìlá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù ni àdúgbò fi mọ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tuntun, ọ̀dọ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ yà. Bí kò bá lè wá, yóò pè. "Anti, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì yìí?" N ó sọ èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ fún un. N ó sọ èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń parọ́, tó ń sọ adúláwọ̀ di pupa fòò. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì gé e. Kò sí ẹni tó ń rántí béèrè bóyá mo ti jẹun.

Wọn ò bí ìmọ̀ yìí mọ́ mi. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run ò sì fún wa lọ́mọ. Nígbà tí àwọn tó wá kí mi kú ara fẹ́ra kù ti lọ tán, ilé náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú garawa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń wá bí wọ́n ṣe ń tún ojú fóònù tó sán ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo bá ṣí fídíò ọkùnrin kan tó ń fi fóònù méjì wé ara wọn. "Ẹ káàbọ̀," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi káàbọ̀ nínú ilé yẹn. Mo jókòó tì í. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ, ìròyìn fóònù ló kù. Mo mọ fóònù tí wọn ò tíì kó dé Nàìjíríà. Mo mọ ilé-iṣẹ́ tó yọ ihò tí à ń ki wáyà etí bọ̀ kúrò lára tirẹ̀ àti èyí tó dá a padà. Ẹ wá bi mí ní orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lójúlé kejì, mi ò mọ̀ ọ́n.

Inú ìwé ìwọ̀n mi ni mo ń kọ wọ́n sí. Lápá òsì, àyà, ìbàdí àti gígùn apá àwọn oníbàárà. Lápá ọ̀tún, bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó, agbára bátìrì, ààyè tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tí kò bá wọn ènìyàn kó tó gé aṣọ, aṣọ ẹlòmíràn ló gé. Mo máa ń tún un sọ fún oníbàárà tó bá ní kí n fojú díwọ̀n òun, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀.

Nínú gbogbo ìpè tó ń wọlé sórí fóònù mi, ọ̀kan ṣoṣo ni kì í bi mí ní nǹkan kan. Ti ìyá mi ni. Abúlé wa lójú ọ̀nà Ọ̀tan ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan, nídìí obì àti gbágùúdá wọn. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á fíláàṣì mi: fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n jí ire. Èmi náà á fíláàṣì wọn padà, pé mo jí. A kì í gbé e. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, "máa bọ̀ kíákíá" ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ní àárọ̀ tí bàbá mi kú.

N kò ní purọ́: fíláàṣì yẹn ni mo ń jí dìde fún.

Ojúkòkòrò ló ba nǹkan jẹ́. Ìró kan ò tó mi mọ́. Mo fẹ́ máa rí ojú ìyá mi láràárọ̀, bí àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun ṣe ń rí ojú ọmọ wọn nínú fídíò. Fóònù oníbọ́tìnnì ni tiwọn, onítọ́ọ̀ṣì lórí, tí nọ́ńbà ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wé fóònù mẹ́rin. Mo fẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ tóbi, nítorí ojú àgbà. Mo fẹ́ èyí tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì, nítorí iná abúlé tí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo fẹ́ èyí tó ń ké dáadáa. Mi ò tíì fara balẹ̀ wọn aṣọ ìyàwó báyẹn rí.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi kó obì wá sọ́jà, mo mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù fóònù. A fi ti àtijọ́ sílẹ̀, mo fi owó lé e, a gbé tuntun. Ọkùnrin tó ń tà á bi wọ́n bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn kóun gba èyí tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá mi ń wo fóònù wọn lórí káńtà bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó tà. "Ohun tí ọmọ mi bá wọ̀n," ni wọ́n wí, "á bá mi mu."

A padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa lò ó. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wò. "Ẹ fọwọ́ kàn án báyìí. Ẹ fà á báyìí."

"Mo ti rí i," ni wọ́n ń wí.

Mi ò fún wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Mò ń bẹ̀rù kó má bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ abúlé ti ń fọn fèrè. Wọ́n dì í mọ́ inú gèlè, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi ò dún. Mo kírun tán, mo gbé e sórí ẹní níwájú mi, mo ń wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo pè wọ́n, ó dún, ó dún, ó dún tán. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò wẹ̀, mi ò jẹun, mo gun ọ̀kadà. Ikú wọn nìkan kọ́ ni mò ń rò lọ́nà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mò ń rò pé bó bá jẹ́ pé wọ́n ti lọ lóòótọ́, ta ni yóò tún máa mọ̀ bóyá èmi náà jí?

Mo bá wọn níwájú ilé lórí àpótí, apẹ̀rẹ̀ obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fóònù lórí itan. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ eéwo. Ara wọn le koko. Inú kọ́kọ́ bí mi ná.

"Màmá, mo pè yín títí! Kí ló dé tí ẹ ò gbé e?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ ẹ́ níbi tí o ní kí n tẹ̀, mo fà á bí o ṣe ní kí n fà á, kò dá mi lóhùn. Mo fọṣẹ fọ ọwọ́, mo nù ún gbẹ, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, fóònù yìí ò mọ̀ mí lénìyàn."

Mo gbà á, mo fi ìka kàn án, ó ṣí. Mo dá a padà fún wọn, wọ́n kàn án, kò mira. Mo wá di ọwọ́ wọn mú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan. Ọkọ́ àti ọ̀bẹ gbágùúdá ti sọ orí ìka wọn di awọ gbígbẹ; ó le, ó sì ti sán. Nínú gbogbo fídíò tí mo ti wò, kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí pé ojú fóònù yẹn lè má mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ múlọ́múlọ́ ni gbogbo wọn fi ń tẹ̀ ẹ́, irú tèmi.

"Àbí ọwọ́ mi ti kú ni?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

Ojú tì mí. Èmi tí mi ò gé aṣọ rí láìwọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, mo wọn fóònù mẹ́rin, mi ò wọn ọwọ́ kan ṣoṣo. "Ọwọ́ yín ò kú, Màmá. Èmi ni mi ò wò ó."

Mo sọ ìdí tí mo fi rà á fún wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Ojú mi lo fẹ́ rí? Ṣé ọ̀nà ti dí láti Ìlá síbí ni?"

Ọ̀nà náà kò jìn, bẹ́ẹ̀ Iléyá ni mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mò ń sá fún ojú wọn. Bí wọ́n bá ti wò mí, wọ́n ń rí ilé òfìfo tí mo ti jáde wá. Nínú fóònù, mo lè yí kámẹ́rà sí ibi tó wù mí.

Mo yọ síìmù wọn, mo padà sọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin tó tà á fún wa ti tú fóònù àtijọ́ yẹn, ó ti fi àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tún ti ẹlòmíràn ṣe. Mo ra oníbọ́tìnnì mìíràn, mo ki síìmù bọ̀ ọ́, mo fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà abúlé wa. Fóònù ńlá náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí dòní, láàárín òwú àti sípì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan. Mo fíláàṣì padà. Lọ́sàn-án, ẹnìkan pè mí pé èwo ni kóun rà. Mo ní kó kọ́kọ́ wá fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni, ó sì gé e.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń ká ẹní lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún, tó sì gé. Kí n tó dá a padà, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò lè sọ bí mo ṣe dórí ọ̀kadà. Mò ń sunkún lẹ́yìn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, afẹ́fẹ́ ń gbá omijé mi sẹ́yìn etí. Mo bẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró tán.

Wọ́n jókòó síwájú ilé. Gèlè ọdún wà lórí wọn, wọ́n lé tìróò, abọ́ iṣu gbígbóná méjì wà nílẹ̀, ṣíbí méjì.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe mí nǹkan kan. Jókòó." Wọ́n fi ọwọ́ líle yẹn di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí tiwọn. "Ojú mi rèé. Wò ó, kó tó ọ."