Ẹran Ẹ̀rọ

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìléyá ni Ọ̀gá Rájí wá dúró níwájú ẹ̀rọ wa, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì sọ pé kò sí ẹni tó máa lọ sílé ọdún nínú wa. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí Mùsùlùmí lòun náà, ó sì ti so àgbò tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa tí a wà nídìí ẹ̀rọ wo ara wa. Mùsùlùmí ni gbogbo wa, Yorùbá sì ni gbogbo wa. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà náà wà.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Ìdírókò ní Ọ̀tà, kò jìnnà sí Ìyànà Ìyẹsí. Lẹ́yìn tí mo jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti Ìsẹ́yìn wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Joju, iṣẹ́ yìí ni mo sì rí. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di píọ̀ wọ́tà ni láìnì wa, ìyẹn àwa tó jọ wà nídìí ẹ̀rọ kan náà, ń ṣe. Wóró ike funfun là ń dà sẹ́nu ẹ̀rọ. Iná inú rẹ̀ á yọ́ ọ, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ ẹ lọ sókè bíi bàlúùnù gígùn tó ga tó ilé alájà kan. Lókè níbẹ̀ ni yóò ti tutù, tí yóò tẹ́ pẹlẹbẹ, tí yóò wá sọ̀kalẹ̀ wé ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa ṣọ́ bàlúùnù yẹn. Bó bá tinrin lápá kan, a gbọ́dọ̀ mọ̀. Bó bá ya, a gbọ́dọ̀ tètè so ó.

Ẹ̀rọ tiwa ti dàgbà. Bí iná rẹ̀ bá kú, ike tó wà nínú rẹ̀ á dì bí ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò. Èyí tó jóná níbẹ̀ á sì máa bá ọ̀rá tuntun jáde ní dúdú dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sì sí ẹni tó máa ra ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ wa kì í ṣọdún. Èèyàn ló ń ṣọdún.

Ìyá Chídì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ígbò ni, láti apá Ǹsúkà, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi bú èèyàn kí ẹni náà máa rẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, mo fi agbára fa ọ̀rá tó ya, gbogbo bàlúùnù náà sì wó lé wa lórí. Mo rò pé wọ́n á lé mi lọ. Ìyá Chídì yọrí jáde lábẹ́ ọ̀rá funfun náà bí ìyàwó tuntun, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé mi níyàwó? Ọkọ mi tàná ò tíì mọ̀ o.” Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ mi, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà sún mọ́ ara bàlúùnù kí n lè mọ bí ooru rẹ̀ ṣe ń yí padà níbi tó bá ti tinrin. “Ọwọ́ ni kó o fi wò ó, Ráfíà. Ojú máa ń parọ́.”

Ẹlòmíràn tó wà nídìí ẹ̀rọ nígbà náà ni Sẹ̀wanú, ọmọ Ẹ̀gùn láti ọ̀nà Ìpókíá, Kìrìsìtẹ́nì bíi ti Ìyá Chídì. Àṣà kan wà láàárín wa tí a kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Bí Ìléyá bá dé, àwọn Kìrìsìtẹ́nì á dúró ti iná, àwa Mùsùlùmí á lọ sílé. Bó bá di Kérésì, àwa la máa dúró. Ẹni tó bá ti ọdún dé ò gbọ́dọ̀ dé lọ́wọ́ òfo. Oúnjẹ tó bá gbé wá fún àwọn tó dúró, ẹran ẹ̀rọ là ń pè é. Bó ṣe ìrẹsì Kérésì ni o, bó ṣe ẹ̀pà tí Ìyá Chídì máa ń kó bọ̀ láti ilé ni o, ẹran ẹ̀rọ náà ni.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Rájí dé, wọ́n fi í ṣe olórí láìnì. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ariwo ni kò fẹ́. Láìnì wa sì láriwo lóòótọ́. Ẹnì kan á fi Ígbò pe ẹnì kejì, Sẹ̀wanú á fi Ẹ̀gùn dáhùn láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n á tún jà lórí rédíò ẹni tó máa dún. Ọ̀gá ní kí àwọn tó gbọ́ èdè ara wọn wà pa pọ̀. Ó kó Ìyá Chídì, Sẹ̀wanú àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì yòókù lọ sí sítọ́ọ̀ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ó sì fi àwọn Yorùbá Mùsùlùmí tó jọ ń ṣe àsálátù rọ́pò wọn.

Ìdí ẹ̀rọ wá dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ìrun Àsárì bá tó, gbogbo wa á máa wo ojú ara wa nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ kírun. Kò sí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Chídì ló máa ń lé wa: “Ẹ lọ kírun yín, ẹ bá mi dárúkọ ọkọ mi níbẹ̀.”

Báyìí ni Ìléyá ṣe ká wa mọ́. Oníbàárà wa tó ń rajà jù, tó ní ilé iṣẹ́ omi ní Ìjù, ti kìlọ̀ pé bí ọ̀rá bá tún pẹ́, òun á gba ibòmíràn lọ. Bó bá lọ, láìnì wa kò ní ohun tó máa ṣe mọ́, a sì mọ àwọn tí ilé iṣẹ́ ti dá dúró nítorí irú rẹ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ kú.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìsẹ́yìn. Bàbá wa ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òtútù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bàbá ní òun ò ní pa àgbò tí o ò bá dé. Ó ní òun mọ ohun tí òun ń sọ.”  Èmi náà mọ ohun tí Bàbá ń sọ: ó lè jẹ́ Ìléyá rẹ̀ ìkẹyìn.

Mo ti ọ̀rá tí a ti wé lọ sí sítọ́ọ̀. Ìyá Chídì wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin àwa-ara-wa, mo gbọ́ pé ẹ ò ní jẹran lọ́dún yìí.”

Mo ní, “Bàbá mi ni, Ìyá Chídì.” Mo sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí fún un.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní, “Sẹ̀wanú, dìde.”

Mo tẹ̀ lé wọn. Ó bá Ọ̀gá Rájí ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ọdún wọn. Àwa la máa dúró ti iná, bí a ti ń ṣe é.”

Ọ̀gá wo ilẹ̀. “Ẹ̀yin tí mo kó kúrò níbẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ kó wa kúrò, sà. Ẹ̀rọ ò mọ̀.”

Sẹ̀wanú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

“Àmọ́ ohun kan wà,” ni Ìyá Chídì fi kún un. “Bí ọdún bá parí, a ò padà sí sítọ́ọ̀. Ẹ dà wá pọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.”

“Ariwo yín ńkọ́?”

“Ọ̀gá, ariwo kì í pa iná ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà ti rí ohun tó lè pa á: kí gbogbo èèyàn tó wà nídìí rẹ̀ máa ṣọdún kan náà.”

 Ọ̀gá Rájí dé fìlà tó dì mọ́wọ́ padà sórí, ó ní, “Ó dáa. Ẹ ṣeun, ìyá. Àgbò mi náà ń dúpẹ́.” Ẹ̀rín wá pa gbogbo wa, àní òun náà.

Mo wọ mọ́tò Abẹ́òkúta ní Sángo, mo sì ti ibẹ̀ wọ ti Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun yídì, Bàbá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi di ọ̀bẹ mú, òun náà sì gbé ọwọ́ lé e. Ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ iná. Mo pe Ìyá Chídì. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ó wá ní, “O gbọ́? Ó ní kí o kí Bàbá.” Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Sẹ̀wanú sọ fún mi pé iná NẸ́PÀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàlúùnù sì wó kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Àwọn méjèèjì ló so ó padà.

Bàbá bi mí pé, “Ta ló wà nídìí iṣẹ́ fún ọ?”

“Ọmọ Ígbò kan ni, Bàbá. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Ó na ọwọ́ sí itan ọ̀tún àgbò náà. “Ẹ gé e kúrò lódidi. Ìyẹn kì í ṣe sàárà o. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.”

Mo dín in gbẹ, mo gbé e dé Ọ̀tà. Ọ̀rá ti dé Ìjù kí a tó padà, oníbàárà wa kò sì lọ ibì kankan títí di òní. Ọ̀gá Rájí sì dà wá pọ̀ padà bó ṣe ṣèlérí. Ìyá Chídì gbé itan náà sókè kí gbogbo láìnì rí i, ó ní, “Èyí ni wọ́n ń pè ní ẹran ẹ̀rọ. Èyí tí ẹ ti ń gbé wá láti ọjọ́ yìí, ẹran ológbò ni.”

Bàbá mi kò rí Ìléyá mìíràn. Mi ò lè gbàgbé pé ẹni tí kì í ṣe ìsìn mi, tí kì í ṣe ẹ̀yà mi, ló jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó gbé ọwọ́ lé ọ̀bẹ kẹ́yìn.

Èmi ni olórí láìnì báyìí. Láìpẹ́ yìí, aládùúgbò mi kan ní Joju kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá kí n gbà wọ́n síṣẹ́. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọn kò lè bá ara wọn jà láé. Mo ní mo gbàgbọ́. Mo wá bi í léèrè ẹni tó máa dúró ti iná lọ́jọ́ Kérésì. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gba díẹ̀ nínú wọn, mo sì wá àwọn òṣìṣẹ́ yòókù láti ibòmíràn.

Ìyá Chídì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò kúrò ní Sángo. Bí a bá pa àgbò nílé wa, itan ọ̀tún ni mo ń kọ́kọ́ gé sọ́tọ̀ fún un, kí n tó gé èyí tí àwa máa jẹ.