Ẹran Ara Làtífù Ń Jó

Ọkùnrin kan wà ní Àpómù láyé ìgbà tí rédíò oníbátìrì ń pariwo ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Làtífù ni wọ́n ń pè é, obì gbànja ló sì ń tà. Láti Àpómù dé Wásinmi, kò sẹ́ni tó mọ obì bíi tirẹ̀. Á mú ẹyọ kan nínú agbọ̀n, á là á, á ju awẹ́ kan sẹ́nu, á di ojú, á sì sọ fún ọ bóyá kòkòrò ti ń gbèrò àtiwọlé síbẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò ni, apá rẹ̀ tó òpó ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ojo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí orí fọ́ Làtífù díẹ̀.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi ewé di obì, ni ẹran apá rẹ̀ òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, pọ́n, pọ́n, pọ́n, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀lọ́ kékeré há sábẹ́ aṣọ. Ó wò ó, ó dúró. Ó yíjú kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bóyá ì bá gbàgbé ẹ̀, àfi bí dókítà kan ṣe bọ́ sórí rédíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà ní àìsàn burúkú kan wà tó ń rọ ènìyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, pé nígbà míì, ẹran ara máa ń jó kó tó dé. Ó ní, "Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùgbọ́ wa..." Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí.

Ṣùgbọ́n kí ni? Làtífù gbá rédíò létí. Lọ́jọ́ kejì ó sá bátìrì sóòrùn títí ó fi gbóná, ṣùgbọ́n dókítà ti bá tirẹ̀ lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló kù sí i lọ́wọ́, ìdajì tó burú sì ni.

Bó ṣe di ọdẹ tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Apá jó lónìí, iṣan ẹ̀yìn ojúgun jó lọ́la. Kí oorun má baà gbé e lọ kí àìsàn wá ká a mọ́lé, ó ń fi gbànja lé oorun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ti ìsàlẹ̀: ẹkún ló ń pè.

"Sàlámọ̀tù!" Ó ké sí ìyàwó rẹ̀. "Wá fọwọ́ kàn án. Ṣé o rí i bó ṣe ń jó?"

Sàlámọ̀tù fọwọ́ kàn án. "Kò jó mọ́."

"Ó ti gbọ́ ohùn ẹ ni. Ojú ń tì í."

"Bàbá Àṣíáwù, àìsàn tó bá ń tijú èmi, ẹ fi sílẹ̀ kó máa lọ."

Ẹ̀rín ni ì bá pa wọ́n, bí kì í bá ṣe ti Àṣíáwù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Mọ́nsúrù, mẹkáníìkì kan ní Ìkirè, fẹ́ fi í ṣaya, bàbá rẹ̀ sì ti ń wá gba ọjọ́ yìgì. Nígbà àkọ́kọ́, Làtífù ní kí wọ́n jẹ́ kóun mọ ibi tí ara òun ń lọ ná. Nígbà kejì, ó ká apá aṣọ sókè kí àna òun lè wò ó. Àna wò ó títí ọrùn fi ń dùn ún. Nígbà kẹta, ọjọ́ Ajé ni, bàbá Mọ́nsúrù ò jókòó mọ́.

"Àna wa, tí a ò bá gbọ́ ọjọ́ títí di Jímọ́ọ̀, a ò ní padà wá mọ́. Àwọn obìnrin wà ní Ìkirè náà."

Nígbà tí bàbá Mọ́nsúrù lọ tán, Sàlámọ̀tù dojú kọ ọkọ rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń dúró dè gan-an?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi dé ibi yìgì ọmọ mi bí àpò gààrí. Tàbí kí n kú láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n wá fi ìrẹsì ìgbéyàwó ṣe sàráà mi."

Àṣíáwù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni, ìyẹn sì dun Làtífù ju gbogbo ijó ara rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́rú, Sàlámọ̀tù wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìkirè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúsànyà. Dókítà ní kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kó fi gìgísẹ̀ rìn. Ó fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀. Ó ní kó fa ọwọ́ òun, Làtífù sì fà á débi pé dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀.

"Bàbá, ẹ rọra! Àìsàn tí ẹ gbọ́ yẹn, agbára ló máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léjìká. Kí ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín un?"

"Obì ni."

"Mélòó lẹ̀ ń jẹ lóòjọ́?"

"Méjì péré."

Sàlámọ̀tù wúkọ́.

"Méjì ni mo ń jẹ!" Làtífù ní. "Èyí tí mò ń tọ́ wò fún oníbàárà kò sí níbẹ̀. Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ, iṣẹ́ ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní obì ń lé oorun, àìsùn ń mú ẹran ara jó, ìbẹ̀rù sì ń bá wọn lu ìlù sí i. Kó dín obì kù, kó sùn. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ lóòótọ́, kó tètè padà wá. Làtífù ò gbà á gbọ́. Obì tó ń bọ́ ọ láti ogún ọdún!

Lọ́jọ́ kejì, Sàlámọ̀tù mú agolo mílíìkì kan, ó jókòó tì í. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti tọ́ obì wò, á sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú agolo. Kọ̀ọ̀. Oníbàárà mìíràn dé. Kọ̀ọ̀. Nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán, Àṣíáwù fúnra rẹ̀ wá da òkúta náà sílẹ̀, ó kà á. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tó ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Mẹ́tàlélógún, Bàbá."

"Pẹ̀lú méjì tí mo jẹ?"

"Rárá o. Ti iṣẹ́ nìkan nìyẹn."

Làtífù wo òkúta, ó wo ọmọ. Ìpéǹpéjú ń jó lọ́wọ́ bó ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, ó wẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn láti Àpómù dé ilé àna ní Ìkirè, ó sì dá ọjọ́ yìgì fún wọn.

Láti ìgbà náà, Sàlámọ̀tù ló ń tọ́ obì wò; Làtífù kàn ń là á, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Orí fọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní àìsàn tuntun ti dé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ijó náà dín kù, kò tán pátápátá. Bí apá bá tún bẹ̀rẹ̀, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Máa jó lọ, mi ò lówó tí màá ná ẹ," á sì máa di obì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ yìgì, àlùfáà bi í bóyá ó fi Àṣíáwù fún Mọ́nsúrù. Làtífù la ẹnu, omijé ló ń dà wìì sórí agbádá funfun. Sàlámọ̀tù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Làtífù nu ojú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wá tẹ̀ sétí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o rí i? Mo ṣáà sọ fún ẹ pé ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni."