Abọ́ Ẹran Ọjọ́ Kẹjọ

Ó ti pẹ́ tí mi ò ti jẹ ẹran ìsọmọlórúkọ mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wá sílé wa ní àdúgbò Gàmbàrí, màá dúpẹ́, màá ṣàdúà fún ọmọ, màá sì gbé abọ́ náà fún àwọn ará ilé. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì jẹ́ ọmọge nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Láàbù kan ní Ìlọrin níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣe ìwádìí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ ò bá rí mi nígbà náà! Kóòtù mi funfun báláú, híjáàbù mi kì í wọ́, mo sì gbà pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó lè purọ́ fún mi. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà kékeré kan, a ó fi iná mànàmáná sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì pín sí ìlà. Ọmọ tó bá ní ìlà A àti ìlà S, AS ni, kò séwu. Èyí tó bá jẹ́ S nìkan, SS ni, òun ni àìsàn náà ń bá fínra. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun jòjòló yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó fi gbé inú ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ìlà ẹ̀jẹ̀ yẹn sì máa ń dúró nítòsí ibi tí A ń dúró sí. Ojú tí kò bá fara balẹ̀ á pè é ní A.

Nítorí èyí ni ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, ṣe máa ń wí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ èsì ọmọ tuntun fún òbí. Ó di oṣù mẹ́fà, kí a tún un ṣe. Ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." A ó sì dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" bí ọmọ ilé kéú.

Obìnrin kan wà tó ń ta ìbòrí ní Ọjà Tuntun. AS ni òun àti ọkọ rẹ̀. Ọmọ méjì ló ti bí tí fòníkú-fọ̀ladìde pa. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, obìnrin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wá fún wa. Ọmọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ fi bá mi lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ara rẹ̀ kò tíì le, ó di ògiri mú.

Ó ní, "Àǹtí, nítorí Ọlọ́hun àti Ànábì, ẹ sọ fún mi. Ọ̀la la máa sọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa fẹ́ràn rẹ̀."

Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí inú rẹ̀ má yọ́? Mo padà wọlé, mo gbé bébà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ìlà méjì ni mo rí. Mo jáde, mo ní, "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. AS ni." Ó kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì, èmi tí mo kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ń pe "Alìhámúdùlìláhì" léraléra. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé abọ́ ẹran àgbò wá, ó ní ti àǹtí tó sọ ọ̀rọ̀ àlùbáríkà ni. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún lá ọwọ́ mi.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọn ò gbé ọmọ wá. Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn: "Háà, Àǹtí! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sinmi abẹ́rẹ́ jàre." Ó yẹ kí n sọ fún un pé mo kánjú sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ọ̀gá á gbọ́ pé mo tú àṣírí èsì. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò wá. Ojú ń tì mí títí dòní nítorí ẹ̀rín yẹn. Àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́, ojo ni mo ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Mo máa ń rí ọmọ náà bí mo bá gba Ọjà Tuntun kọjá. Ó ti ń rìn. Á gbé ìbòrí tí ìyá rẹ̀ ń tà borí, á máa wọ́ ọ nílẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín dípò kó bínú.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ kan wá láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n ní ká ṣe é kíá. Orúkọ tí mo mọ̀ ló wà lára rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà S nìkan ló ń jáde. Mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìbọ́ ìbọ̀wọ́. Bàbá ọmọ náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta ni ara ọmọ ti gbóná, àwọn kàn ń fún un ní oògùn ibà láti kẹ́mísìtì, "ṣebí AS ni." Lẹ́yìn rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ náà lójú.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Kò pariwo. Ó ní, "Lọ sọ ọ́ fún ìyá ọmọ fúnra rẹ. Mi ò ní bá ọ lọ."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣàdúà ọjọ́ kẹta ni mo lọ. Mo jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rín orí fóònù. Ó wá ní, "Àwọn méjì àkọ́kọ́, mo ti ń sunkún wọn kí wọ́n tó kú. Èyí nìkan ni mo bá ṣeré." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀ bóyá kí n ṣépè fún yín ni o, àbí kí n dúpẹ́. Ẹ ṣì máa lọ ná."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún bímọ. Ọjọ́ tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà gẹ́lẹ́ ló gbé e wá. AS ni, tòótọ́tòótọ́. Mo sọ fún un. Kò kúnlẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ò kọ ọ́." Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Èmi ni ọ̀gá nísinsìnyí. Ẹ̀rọ tuntun ti dé, ó mọ ẹ̀jẹ̀ inú ìyá yàtọ̀ sí A, síbẹ̀ mi ò fagi lé òfin oṣù mẹ́fà. Mo ń pa òwe ẹyin fún àwọn ọ̀dọ́ inú láàbù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" bí àwa náà ti ń dáhùn. Mo máa ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tí àánú rẹ̀ pọ̀ jù. Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.