Ẹ Má Tan Iná

Iṣẹ́ rewáyà ni mo kọ́ ní Òṣogbo. Jẹnẹrétọ̀ tàbí dáínámò tí inú rẹ̀ bá jóná la máa ń tú, tí a ó fi wáyà bàbà tuntun wé e padà. Àwọn awakọ̀ Old Garage a máa bi mí pé kí ni obìnrin ń wá nídìí gíríìsì. Mo máa ń sọ fún wọn pé oúnjẹ ni.

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà la wà, èmi àti ọ̀gá mi. Ìyá Bọ́lá, arúgbó kan tó ń fún epo pupa, ló pè wá. Bẹ́líìtì ló so ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ẹyìn mọ́ dáínámò tó ń fún wọn níná, iná ọ̀hún sì ń ṣẹ́jú ṣáá. Ẹ̀yìn ògiri ni dáínámò wà, bẹ́líìtì gba ihò ògiri kọjá sí i. Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ tú u, wọ́n ké sí ìyá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tan iná. Ìyá ní kò séwu, iná ti lọ láti àárọ̀.

Sípánà ni mo ń wá nínú àpò nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú. Mo gbójú sókè. Ọ̀gá mi di wáyà méjì mú, wọ́n ranjú, ẹnu wọn là, kò sóhùn. Iná ti gbé wọn. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ló fò lọ lórí mi, àfi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ odó kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni mo fi lu apá wọn títí wáyà fi bọ́, wọ́n sì ṣubú gbì. Mo rò pé wọ́n ti kú. Orúkọ àbísọ wọn ni mo ń pè ṣákálá láìfi ọ̀gá sí i. Nígbà tó yá, wọ́n mí kanlẹ̀.

Ìyá Bọ́lá sáré dé, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní àwọn kàn fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbóná dè wá ni.

"N ò mà tan iná. Kò síná ní gbogbo Ìpetu. Níbo niná yẹn ti wá?"

N kò lè bínú sí wọn. Iná tó ń gba orí òpó wá ni wọ́n mọ̀. Wọn kò mọ̀ pé bí wáyà bàbà bá ti ń yí láàárín òòfà, iná dé nìyẹn, ìbáà ṣe nínú igbó.

Ọ̀gá la ojú díẹ̀. "Màmá, ọwọ́ yín ló ti wá."

Ìyá wo ọwọ́ ọ̀tún tiwọn títí. Nígbà tí ọ̀gá na ọwọ́ pé kí wọ́n fa àwọn dìde, ìyá fi tiwọn pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní àwọn kò tún ní fi kan ẹnikẹ́ni mọ́.