Ìdọ̀bálẹ̀ Dàpọ̀ Nínú Snow

Fóònù ni Ọládàpọ̀ ń tà ní Calgary. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí o bá mú fóònù 3G dé iwájú rẹ̀, á wò ọ́ bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wọ títì márosẹ̀ Deerfoot.

"Ẹ̀gbọ́n, 3G ti ń kógbá sílé o! LTE gan-an ti ń darúgbó. Ẹ gba 5G."

Wọ́n á gbà á.

Inú basement, yàrá abẹ́ ilé, ló ń gbé, ní àdúgbò Falconridge. 5G kì í débẹ̀. LTE ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó: ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè nìkan. Kúrò níbẹ̀, òfo. Onílé ní kó wá lo Wi-Fi òun. Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun tó ń ta dátà?

Ó dáa.

Àárọ̀ Sátidé kan, bàbá Fẹ́yìsayọ̀ pè é lórí video láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọjọ́ ti rọ̀. Wọ́n fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ ti wá láti ìlú Okotoks nítòsí, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ fóònù mọ́ gíláàsì fèrèsé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà!" Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá wo fóònù. Ògiri.

"Fẹ́yìsayọ̀, níbo lọkùnrin yẹn sá lọ?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ ni, Dádì."

"Fún ta ni? Èmi ò rí i."

Dàpọ̀ fò dìde. Ó já fóònù kúrò lára gíláàsì, ó gbé e wá sílẹ̀, ó tún nà gbalaja. Nẹ́tíwọ̀kì lọ. Àwòrán tó gan sójú fóònù Bàbá: Dàpọ̀ lóòró ṣánṣán, àyà níta, ẹnu ní yíyà.

Fẹ́yìsayọ̀ sáré gbé fóònù padà sójú fèrèsé. Bàbá ti fajú ro.

"Ó dúró lé mi lórí bí òpó iná! Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí kò lè tẹríba."

"Dádì, nẹ́tíwọ̀kì ni."

"Ṣebí òun náà ló ń tà á?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dàpọ̀ wọ eegun. Ó gbá fóònù mú, ó gun àtẹ̀gùn, ó di ẹ̀yìnkùlé. Agbádá lọ́rùn. Sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Snow dé orúnkún. 5G kún fọ́fọ́. Ó ti fóònù sọ́wọ́ Fẹ́yìsayọ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ wò mí, sà!"

Gbìì. Ó rì. Fìlà nìkan ló hàn.

"Yéè! Ìyá Fẹ́yì, wá wo nǹkan! Ṣé èlùbọ́ funfun nìyẹn?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó sì gan pa lójú fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Dàpọ̀, dìde," Fẹ́yìsayọ̀ ní.

"Ṣé Dádì ní kí n dìde?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹnu wọn ṣì là sílẹ̀."

"Ìwọ kọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún."

"You dey craze! Òtútù á pa ẹ́!"

Onílé yọjú, ó ní ṣé kí òun pe ambulance. Fẹ́yìsayọ̀ ní rárá o, ìgbéyàwó ni.

Bàbá ta kìjí padà. "...dìde, ọmọ mi! Àbí o ṣì wà nílẹ̀ látàárọ̀?"

"Mo wà nílẹ̀, sà." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Háà! Mo ti fún ọ. Wọlé, jọ̀ọ́. Ọmọ mi ò ní ṣe opó kó tó ṣe ìyàwó."

Dàpọ̀ dìde, funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rọra rìn lọ bá onílé, ó bọ́ fìlà.

"Sir," ó ní, "about that Wi-Fi..."