Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ohùn Jẹ́jẹ́ Dẹ́rù Ba Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé yára sọ, ẹ jẹ́ kí n rọra mú un. Ní àsìkò tí ogun abẹ́lé ń jà nílé, tí àwa wà ní Douala nílẹ̀ àjèjì, aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bá bàbá wa tà ní ọjà Marché Congo, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lára aṣọ. Ó fẹ́ padà sílé lọ ṣiṣẹ́ sójà. Sinimá ló kó o sí i lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú èmi àti bàbá kan tó háyà yàrá ní ẹ̀yìnkùlé wa lọ wo fíìmù ogun. Bàbá yìí ti jagun fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà. Bàbá Sójà là ń pè é. Nínú fíìmù náà, wọ́n fá orí àwọn ọmọkùnrin kan, sájẹ́ǹtì kan sì ń jágbe mọ́ wọn ní Faransé, itọ́ rẹ̀ ń ta sí wọn lójú. Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Sójà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Papa, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí?"

"Orí tí wọ́n fá, òótọ́ ni. Èébú náà, òótọ́ ni. Ọmọ tí mo jù lọ́jọ́ orí bú ìyá mi, mo sì dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n kí. Ariwo yẹn ni irọ́. Ẹni tó bá ń pariwo mọ́ ọ, wàá máa bínú sí i, ìbínú yẹn ni ò sì ní jẹ́ kó o gbàgbé pé ẹnì kan ló bí ọ. Sájẹ́ǹtì tiwa kì í pariwo. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀."

"Háà, Papa! Ohùn jẹ́jẹ́ ló wá ń ba àgbàlagbà bíi tiyín lẹ́rù?"

 Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, Bàbá Sójà pe ẹ̀gbọ́n mi sí àgbàlá. "Dúró síbí. Má wo ẹnikẹ́ni. Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àfi èmi." Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́jú sí mi, ó dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀. Aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, n kò sì rí ohunkóhun tó rọ́pò rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá wa fi ti Marché Dakar dé, agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀. Àwa kì í wo ẹlẹ́rù níran. Àlejò pàápàá á sáré sọ̀ ọ́, ká má tíì sọ ti ìyá ẹni. Màmá lọ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Sọ̀ mí, ọmọ mi, ọrùn ń ro mí."

Kò mira.

"Àbí etí ẹ di ni?"

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì ilé bàbá wa tó fi ń jí i láti kékeré. Òjò ń ṣàn lójú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, bíi pé kò sí ẹnikẹ́ni láàárín.

Èmi ni mo sáré lọ sọ̀ ọ́.

"Ó tó," ni Bàbá Sójà wí. 

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Papa, mo yege àbí n ò yege?"

"Mo mọ ìgbà tí ìyá rẹ máa ń dé. Mo rò pé ẹrù orí rẹ̀ á borí ohùn mi, kó o lè mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tìẹ. Èmi, wọ́n nà mí títí kí n tó lè ṣe ohun tó o ṣe yìí."

Màmá kọjú sí Bàbá Sójà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ so ó, ẹ tú u. Ẹ ní kó má lọ."

"O ò gbọdọ̀ lọ," ni Bàbá Sójà wí, jẹ́jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ ṣeun, Papa. Ẹni tó máa pàṣẹ fún mi ń dúró dè mí nílé."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Tiko, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí Calabar. Màmá kò bá Bàbá Sójà jà. Oúnjẹ tó máa ń bù fún un ló dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí rédíò kéde pé ogun ti parí, Bàbá Sójà kò dúró wo ẹni tó máa padà dé. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó jáde nílé wa. Màmá ló dúró de ẹ̀gbọ́n mi. Kò rí ẹnikẹ́ni.